Ìtàn Àwọn Ará Erékùṣù Chagos, àti Ìjíhìn Tí Ìjọba Jẹ Wọ́n



Àwọn baba wa a máa wí pé, a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro í yé ẹnikẹ́ni. Bí ó ti wù kí abẹ mú tó, àti bí ó ti wù kí onígbàjámọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó, ẹni tí ó ni orí gbọ́dọ̀ jókòó níbẹ̀. Ìtàn tí àwa mú wá síwájú yín ní òní jẹ́ ti àwọn ènìyàn kan tí a fá orí wọn lẹ́yìn wọn, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, bí kò ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìbéèrè tí ó sì wà nínú rẹ̀ ni èyí: nígbà tí ìjọba méjì bá ń jiyàn nípa ta ni ó ní àṣẹ lórí ilẹ̀ kan ní òkèèrè, ta ni wọn yóò jíhìn fún?

Ọ̀wọ́ erékùṣù tí a ń pè ní Chagos wà láàrin Òkun Íńdíà, ó sì jìnnà sí Mauritius tó bíi 2,000 kìlómítà. Àwọn erékùṣù kéékèèké ibẹ̀ ju 50 lọ. Diego Garcia ni ó tóbi jù. Peros Banhos àti Salomon ni ọ̀wọ́ méjì mìíràn tí ènìyàn ń gbé kí a tó lé wọn kúrò. Ní àtijọ́, kò sí ẹni tí ó fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn Faransé kó ẹrú wá láti Madagascar àti Mozambique, kí wọ́n lè máa ṣe oko àgbọn, kí wọ́n sì máa fún òróró rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: àwọn baba ńlá àwọn ará Chagos kò yàn láti lọ sí ibẹ̀, a gbé wọn lọ ní tipátipá ni, gẹ́gẹ́ bí a ti gbé àwọn ọmọ ilẹ̀ tiwa lọ sí Brazil àti Cuba.

Ní ọdún 1814, ilẹ̀ Faransé fi Mauritius àti àwọn erékùṣù tí ó so mọ́ ọn lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní 1835, a fi òpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Àwọn tí a dá sílẹ̀ kò lọ. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ tí òógùn wọn ti rin. Ibi ìgbèkùn di ilé. Wọ́n bímọ níbẹ̀, wọ́n sìn òkú wọn níbẹ̀, wọ́n ní ilé àdúrà, wọ́n sì ní èdè tiwọn, láti ìran dé ìran.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bí a ti fá orí wọn ní ìgbà kìn-ín-ní.

Ní 1965, Mauritius ń múra àtigba òmìnira. Ní oṣù September ọdún náà, àwọn olórí rẹ̀ pàdé pẹ̀lú Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lancaster House ní London. Níbẹ̀ ni a ti mú wọn gbà pé kí a yọ Chagos kúrò lára ilẹ̀ wọn, kí a sì san £3,000,000 fún un. Ní ọjọ́ 8 oṣù November, Ọbabìnrin pẹ̀lú Ìgbìmọ̀ rẹ̀ pàṣẹ pé Chagos àti àwọn erékùṣù kan tí a yọ lára Seychelles di ilẹ̀ àkóso titun fún Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù December, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kìlọ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì kí ó má ṣe pín ilẹ̀ Mauritius sí wẹ́wẹ́. Ìkìlọ̀ náà kò dá a dúró. Ní ọjọ́ 30 oṣù December 1966, Gẹ̀ẹ́sì bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn fún 50 ọdún, pé a ó máa lo àwọn erékùṣù náà fún ètò ogun. Lójú gbogbo ayé, Amẹ́ríkà kò san owó kankan. Ní ìkọ̀kọ̀, a dín $14,000,000 kù nínú iye tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ wọ́n lórí ohun ìjà tí a ń pè ní Polaris. A kò sọ èyí fún àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà.

Ẹ ó béèrè pé, kí ni ó ṣe tí a kò fi kúkú bá àwọn ará erékùṣù náà sọ ọ́? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú Ìwé Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 1945, nígbà tí wọ́n dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀. Orí kan nínú rẹ̀ wí pé ìjọba tí ó bá ń ṣàkóso ilẹ̀ tí kò tí ì dá dúró gbọ́dọ̀ fi ire àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ṣáájú, kí ó sì máa fi ìròyìn wọn ránṣẹ́ sí Àjọ náà. Ǹjẹ́ bí ilẹ̀ bá ní ènìyàn, ìjíhìn ń bẹ. Bí kò bá ní ènìyàn, nítorí ta ni a ó jíhìn? Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní London ti rí ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n pinnu láti máa wí pé kò sí ọmọ onílẹ̀ ní Chagos, pé alágbàṣe tí ó ti Mauritius àti Seychelles wá ni gbogbo wọn. Ìwé tí wọ́n kọ sí ara wọn, tí ó wá hàn sí gbangba lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1966, ọ̀gá kan nínú wọn kọ ọ́ pé ète wọn ni kí ó má ṣe kù ọmọ onílẹ̀ kan níbẹ̀ àfi ẹyẹ òkun. Òmíràn sì fi àwọn ènìyàn náà ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ará: kí a tó lé wọn kúrò lórí ilẹ̀, a ti kọ́kọ́ lé wọn kúrò nínú ìwé.

Ní 1967, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ra oko àgbọn náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín. Láti 1968, ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ lọ sí Mauritius láti gba ìwòsàn tàbí láti kí ará, a ó wí fún un pé kò sí ọ̀nà àtipadà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Olivier Bancoult, ọmọ Peros Banhos. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé arábìnrin rẹ̀ tí ó farapa lọ sí ilé ìwòsàn ní Mauritius. Ọmọbìnrin náà kú, ìdílé náà kò sì rí ilé wọn padà sí.

Ní 1971, a ṣe òfin tí ó kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti wà ní Chagos láìgba ìwé àṣẹ. Ní ọdún náà ni a kó àwọn ará Diego Garcia kúrò; a kó ajá wọn jọ sínú ahéré tí a ti ń gbẹ àgbọn, a sì fi èéfín pa wọ́n. Ní 1972, ó kan Salomon. Ní 1973, ó kan Peros Banhos. Àwọn tí a lé báyìí tó 1,500, bí wọn kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. A já wọn sílẹ̀ ní Mauritius àti Seychelles, níbi tí iṣẹ́ àgbọn tí wọ́n mọ̀ kò ti wúlò fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì fún Ìjọba Mauritius ní £650,000 nítorí wọn, ṣùgbọ́n owó náà kò bẹ̀rẹ̀ sí dé ọwọ́ wọn títí di 1977. Ní 1982, a fi £4,000,000 kún un. A sì mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tí kò mọ ìwé tẹ àtàǹpàkò sí ìwé tí ó wí pé wọ́n ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ wọn.

Ìgbà kejì rèé. Bancoult dàgbà, ó sì pe Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́ ní London. Ní ọjọ́ 3 oṣù November 2000, àwọn adájọ́ dá a láre: wọ́n ní òfin 1971 kò bá òfin mu, nítorí agbára láti ṣàkóso ènìyàn kì í ṣe agbára láti lé wọn dànù. Robin Cook, tí í ṣe mínísítà fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, gba ìdájọ́ yìí, ó sì ṣí ọ̀nà sí gbogbo àwọn erékùṣù náà, àfi Diego Garcia. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní oṣù June 2004, a tún pa àṣẹ méjì ní orúkọ Ọbabìnrin pẹ̀lú Ìgbìmọ̀ rẹ̀, a sì ti ilẹ̀kùn náà padà. Ilé Aṣòfin kò jíròrò rẹ̀. A kò pe ará Chagos kan láti gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin tí ó mọ ìtàn Nábótì ará Jésírẹ́lì yóò rántí bí a ti kọ ìwé ní orúkọ ọba, tí a sì fi èdìdì rẹ̀ dì í, tí ọgbà àjàrà fi bọ́ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ méjì tún dá àwọn ará erékùṣù láre. Ṣùgbọ́n ní oṣù October 2008, àwọn adájọ́ Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù dá ìjọba láre, mẹ́ta sí méjì. Àwọn mẹ́ta náà ní ọ̀ràn ààbò àti ti ilẹ̀ òkèèrè wà lọ́wọ́ ìjọba láti pinnu. Àwa kò wí pé ọ̀rọ̀ wọn kò ní ìdí. Ìjọba ní láti dáàbò bo ìlú. Ṣùgbọ́n Peros Banhos jìnnà sí Diego Garcia ju 200 kìlómítà lọ. Ta ni ó fi hàn ní gbangba pé àwọn arúgbó tí ń wá ibojì òbí wọn níbẹ̀ yóò ba ibùdó ogun jẹ́?

Nígbà tí ó yá, ẹjọ́ náà dé iwájú gbogbo ayé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bi Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague léèrè, àwọn ilẹ̀ Áfíríkà sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní 2018. Nàìjíríà tiwa wà lára wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù February 2019, adájọ́ 13 nínú 14 wí pé yíyọ tí a yọ Chagos kúrò lára Mauritius kò ti inú ìfẹ́ àtinúwá àwọn ènìyàn wá, àti pé Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀ kíákíá. Ní oṣù May, orílẹ̀-èdè 116 fara mọ́ èyí. Mẹ́fà péré ni ó takò ó.

Níhìn-ín ni àwa fẹ́ kí ẹ rántí ẹjọ́ kan tí ó sún mọ́ wa. Ní 1861, Ọba Dosunmu fọwọ́ sí ìwé tí a fi gbé Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó yá, ìjọba gba ilẹ̀ ní Apapa, wọ́n sì ní àwọn Olóyè kò ní ohun púpọ̀ láti gbà níbẹ̀. Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, gbé ẹjọ́ náà dé London. Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù fún àwọn ilẹ̀ àkóso Gẹ̀ẹ́sì dá Olúwa láre: bí àṣẹ ìjọba bá ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ẹ̀tọ́ àwọn tí ń gbé orí ilẹ̀ kò bá a lọ. Àṣẹ lórí ilẹ̀ jẹ́ ohun kan. Ilé ènìyàn jẹ́ òmíràn. Àwọn tí ó pín Chagos ní 1965 kò lè wí pé àwọn kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà kẹta kò tí ì jìnnà. Ní ọjọ́ 3 oṣù October 2024, Gẹ̀ẹ́sì àti Mauritius kéde pé wọ́n ti rẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù May 2025, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí, Mauritius ni yóò ní àṣẹ lórí gbogbo Chagos. Gẹ̀ẹ́sì yóò máa lo Diego Garcia fún 99 ọdún, yóò sì máa san iye tí ó tó £101,000,000 lọ́dún, bí a bá pín in dọ́gba. A ó ya £40,000,000 sọ́tọ̀ fún àwọn ará Chagos. Mauritius sì lè dá wọn padà sí àwọn erékùṣù yòókù, ṣùgbọ́n kì í ṣe Diego Garcia. Ìwé náà ṣe àtúnṣe sí ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀ Mauritius ní 1965. Ṣùgbọ́n àwọn wo ni ó jókòó yí tábìlì ká? Ìjọba méjì ni. Àwọn tí a lé kúrò nílé kò ní àga níbẹ̀. Bancoult àti àwọn tirẹ̀ yọ̀ sí àdéhùn náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ ọ́, àwọn kan sì sáré lọ sí ilé-ẹjọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an láti dá a dúró, ṣùgbọ́n a tú ìdènà náà kí ọjọ́ tó rọ̀. Àwọn kan ń wí pé nítorí tí ohùn wọn kò ṣọ̀kan ni a kò fi lè bi wọ́n. Ẹ̀yin ará, ìlú wo ni ohùn gbogbo ènìyàn rẹ̀ ṣọ̀kan rí? Bí ohùn bá yàtọ̀, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Kí ni àwa ń wí, nígbà náà? Àwa kò wí pé ọ̀ràn àṣẹ lórí ilẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Àwa ń wí pé kò tó. Ìjọba lè san gbèsè tí ó jẹ ìjọba ẹgbẹ́ rẹ̀ dé orí kọ́bọ̀, kí gbèsè tí ó jẹ àwọn ènìyàn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Gbèsè ti àwọn ènìyàn kì í ṣe owó nìkan. Ohun tí ó jẹ wọ́n ni pé kí a bi wọ́n kí a tó pinnu, kí a kọ òtítọ́ nípa wọn sínú ìwé, kí ẹni tí ó bá pàṣẹ lórí wọn sì dìde ní gbangba láti sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a kó jáde ní 1971 ti kú sí ilẹ̀ àjèjì. Ìdí nìyí tí ìjíhìn kò fi gbọ́dọ̀ pẹ́.

Àti àwa náà, tí ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, tí ń pín ilẹ̀ ẹbí, tí ń tọ́jú owó ẹgbẹ́: nígbà tí a bá tún kó ìwé jọ láti fọwọ́ sí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àga tí ó ṣófo, kí a sì béèrè pé ta ni ó yẹ kí ó jókòó síbẹ̀.