Ọwọ́ Tí Ń Gbé Ìtàgé Ró: Ìtàn Ohun Èlò Eré Nínú Tíátà Yorùbá

Nígbà tí babaláwo bá jókòó lórí ìtàgé, tí ó tẹ́ ọpọ́n síwájú, tí ó sì gbé ìrọ́kẹ́ lọ́wọ́, ojú òṣèré ni òǹwòran ń wò. Ẹni tí ó gbẹ́ ọpọ́n náà, ẹni tí ó so ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹni tí ó kun aṣọ tí ó di igbó lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tí ń bèèrè wọn. Bẹ́ẹ̀ ni bí a bá yọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn kúrò, eré a di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó tọ́ kí a tọpa iṣẹ́ yìí nínú ìwé ọdún Ifá, nítorí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ìtàgé wa ti ń yá ohun èlò Ifá lò.

Iṣẹ́ náà kò bá ọkọ̀ òyìnbó dé. Ní ọdún 1826, Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin sì fi eré eégún ṣe é lálejò. Ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Àwọn tí ó wọ inú àpò kọ́kọ́ jó, wọ́n sì tàkìtì. Lẹ́yìn náà ni òjòlá kan yọrí láti inú àpò, tí ó sì wọ́ jáde, gígùn rẹ̀ tó bí ẹsẹ̀ bàtà 14. Aṣọ ni ara rẹ̀, wọ́n kùn ún títí ó fi jọ àwọ̀ òjòlá, ènìyàn ni ó sì wà nínú rẹ̀ tí ń mú un rìn. Ní ìparí, òyìnbó kan bọ́ síta, ó funfun bí ìda, òtútù sì ń mú un. Àwọn òǹwòran ń bi àwọn àlejò bóyá ó jọ wọ́n. Aṣọ, ọ̀dà àti sùúrù ni gbogbo ìdán náà. Ìdílé ọ̀jẹ̀ ni ó ni àṣírí rẹ̀. Baba fi lé ọmọ lọ́wọ́, ẹnu kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ síta.

Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé The Garden of Eden and the Throne of God jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó, ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù ọdún 1944, ọ̀nà mìíràn ṣí. Nínú agbo eégún, òǹwòran yí eré ká. Nínú gbọ̀ngàn, apá kan ṣoṣo ni wọ́n kọjú sí. Níbẹ̀ ni ẹ̀yìn ìtàgé ti di ohun tí a lè kùn, tí a lè fi ṣe ààfin lónìí kí a sì fi ṣe igbó lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alárìnjò kì í gbé ojú kan. Alẹ́ kan ni gbọ̀ngàn ìlú, alẹ́ kejì ni ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ohun tí kò bá ṣeé ká, tí kò bá ṣeé dì sínú ọkọ̀ akẹ́rù, kò lè bá wọn rìn. Ọkọ̀ ni ó wọn ìtàgé fún wọn.

Ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti ilé ẹ̀kọ́ eré ní Yunifásítì Ìbàdàn gbé eré Ọ̀mùtí jáde láti inú ìwé Amos Tutùọlá. Demas Nwoko, ayàwòrán, ni ó ṣètò ojú ìtàgé. Ní Òṣogbo, níbi tí Dúró Ládípọ̀ ti ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní ọdún 1962, ìtàgé àti àwòrán di ọmọ ìyá. Jimoh Buraimoh ni ó ń bójú tó iná nínú ẹgbẹ́ Ládípọ̀. Twins Seven-Seven ń jó, Rufus Ògúndélé àti Mùráínà Oyèlámì ń ṣeré. Nígbà tí Georgina Beier ṣí ibi ìkọ́ṣẹ́ ní ọdún 1964, àwọn wọ̀nyí náà ni ó di ayàwòrán tí ayé mọ̀. Ojú tí ó ti mọ ìtàgé ni wọ́n fi wo bébà.

Ifá náà kò gbẹ́yìn. Babaláwo ni Bàbá Fákúnlé nínú The Gods Are Not To Blame, eré Ọlá Rótìmí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1968. Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe babaláwo Ọ̀ṣẹ́tùúrá, ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ Odù, nínú fíìmù Aiyé. Àwọn kan bèèrè pé: kò ha jẹ́ èèwọ̀ láti gbé ọpọ́n sórí ìtàgé? Ìdáhùn wà lọ́wọ́ agbẹ́gilére. Igi kan náà ni ó ń gbẹ́ fún babaláwo àti fún òṣèré. Ewé, ìyẹ̀rosùn àti ọ̀rọ̀ awo ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ọpọ́n tí a kò tíì ṣe ètùtù fún kò tíì di ti Ọ̀rúnmìlà.

Ṣùgbọ́n pé kì í ṣe ohun mímọ́ kò sọ ọ́ di ohun àṣìṣe. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì. Ikin jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Bí méjì bá kù lọ́wọ́, ẹyọ kan ni a ń tẹ̀. Bí ọ̀kan bá kù, méjì ni a ń tẹ̀, apá ọ̀tún ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó so ojú méje mọ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀ eré ti kọ́ àwọn ọmọdé tí ń wò ó ní irọ́. Láti ìgbà tí kámẹ́rà sì ti dé, ewu náà pọ̀ sí i, nítorí pé ojú rẹ̀ sún mọ́ nǹkan ju ojú òǹwòran inú gbọ̀ngàn lọ.

Ohun tí ó ń dunni ni pé, nígbà tí fíìmù àti fídíò gba ipò ọkọ̀ alárìnjò, ohun èlò eré kò rí ilé dé sí. A tẹ ọ̀rọ̀ eré sínú ìwé, a gba orin rẹ̀ sínú àwo. Ikán àti òjò ni ó jogún pákó àti aṣọ. Àṣírí ìdílé ọ̀jẹ̀ ní arọ́pò nínú ilé. Iṣẹ́ alárìnjò, ẹni tí ó ṣe é ni ó ń gbé e lọ sí ọ̀run. Nítorí náà, bí ẹ bá rí eré lágbo ọdún, tí ẹ sì mọ àgbà kan tí ó ti kun aṣọ tàbí tí ó ti gbẹ́ igi fún ẹgbẹ́ òṣèré rí, ẹ jókòó tì í. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han ọmọ kan kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.