Láti Ìjẹ̀bú-Òde Dé Òkè Ooye: Bí Ìgbàgbọ́ Tó Ti Tutù Ṣe Tún Gbiná

Bí iná bá kú, á fi eérú bojú. Eérú yìí ni ẹni tó ń kọjá lọ yóò rí. Kò ní mọ̀ bóyá ẹ̀yinná kan ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá ṣe rí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìsọjí ńlá tó bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà lọ́dún 1930, agogo ọwọ́ wòlíì, omi tí àwọn aláìsàn ń du, àti èrò tó ń ya bí omi òjò ni ó máa ń gba ẹnu àwọn ènìyàn. Ohun tí kì í sábà jẹyọ ni pé kì í ṣe àwọn aborìṣà nìkan ló wá síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú èrò náà ti ṣèrìbọmi tipẹ́, wọ́n ti ní orúkọ inú Bíbélì, wọ́n sì ti ní ìjókòó tiwọn nínú sọ́ọ̀ṣì. Ìgbàgbọ́ tí wọ́n ti ní rí ni wọ́n wá tún gbà.

Kí ìtàn náà tó lè yé ni, ó yẹ kí á mọ bí iná ọ̀hún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Badagry. Ní 1843, Henry Townsend ti Ìjọ Áńgílíkà dé Abẹ́òkúta. Ní 1864, wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821. Nígbà tó fi máa di 1884, odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá. Láàárín ìran méjì sí mẹ́ta, ẹ̀sìn tí wọ́n ń fi ẹ̀gún gún ọmọlẹ́yìn rẹ̀ nígbà kan ti di ẹ̀sìn ọ̀làjú. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ gbà wọ sọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ akọ̀wé àti iṣẹ́ olùkọ́ sì ń bẹ níwájú fún ẹni tó bá mọ̀wé.

Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí. Àwọn àlùfáà ti sọ fún àwọn ọmọ ìjọ pé kí wọ́n kó oògùn dànù, kí wọ́n má sì yà sọ́dọ̀ babaláwo mọ́. Wọn kò sọ ohun tí ìyá ọmọ yóò ṣe nígbà tí ara ọmọ rẹ̀ bá gbóná lọ́gànjọ́ òru, tàbí ohun tí àgàn yóò gbára lé. Wọ́n gba ohun kan lọ́wọ́ ènìyàn, wọn kò fi òmíràn dípò rẹ̀. Ni ọ̀pọ̀ bá ń gbé ìgbé ayé méjì: lọ́sàn-án, wọ́n á kọ orin ìyìn, lóru, wọ́n á yọ́ kẹ́lẹ́ lọ dá Ifá. Ó rọrùn láti pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní alágàbàgebè. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà á, ìjọ kò sì bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rù náà.

Awuyewuye kò ṣàìsí nínú ìjọ ṣáájú ìgbà yìí. Lọ́dún 1891 àti 1901, àwọn kan nílùú Èkó ya kúrò lára ìjọ àwọn òyìnbó, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ́ olórí àti ọ̀rọ̀ obìnrin púpọ̀ ló pọ̀ jù nínú ìjà wọn. Ẹ̀rù òru kò sí lára ohun tí wọ́n jà lé lórí.

Àjàkálẹ̀ àrùn ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí kò ṣeé gbójú fò mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn gágá tó ń jà kárí ayé wọ Èkó. Lùkúlùkú ni àwọn ènìyàn pè é. Kò pẹ́ tó fi tàn wọ àárín ilẹ̀, tó ń pa àgbà, tó ń pa èwe. Oògùn òyìnbó kò rí i ṣe, àgbo kò rí i ṣe. Níbi tí ìlú ti ń wá ibi ìsádi, àṣẹ ìjọba ti ilé ìjọsìn pa nítorí kí àrùn má baà ràn.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Ìjọ Áńgílíkà St. Saviour, Joseph Ṣadare, lá àlá kan. Ó rí ìjọ rẹ̀ tó pín sí méjì. Apá kan tóbi, òkùnkùn sì bò ó. Apá kejì kéré, ìmọ́lẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún àlá náà ni pé àwọn tó ń gbàdúrà ló wà nínú ìmọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ẹnikẹ́ni gba àlá gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni bá fẹ́ mọ bí ìsọjí ṣe ń bẹ̀rẹ̀ yóò kíyè sí ohun kan. Ìjọ tirẹ̀ ni Ṣadare rí nínú òkùnkùn. Kì í ṣe ilé àwọn aborìṣà. Ó kó àwọn díẹ̀ jọ, wọ́n sì ń gbàdúrà papọ̀.

Láìpẹ́, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan dara pọ̀ mọ́ wọn, Sophia Ọdúnlámì. Àrùn náà ti dá òun pàápàá wó rí. Ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run rán òun pé kí àwọn ènìyàn fi ìgbàgbọ́ lo omi òjò, kí wọ́n sì pa oògùn tì. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ àdúrà náà. Inú Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ṣì wà. Wọn kò ní in lọ́kàn láti dá ìjọ sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ní àwọn kò ní lo oògùn mọ́, tí wọ́n sì kọ̀ láti mú ọmọ ọwọ́ wá fún ìrìbọmi, àwọn aláṣẹ ìjọ kò fara mọ́ ọn. Ọdún 1922 ni wọ́n pínyà.

Wọ́n rí ojúlùmọ̀ nínú ìwé ìròyìn ìjọ kan tó wá láti ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Faith Tabernacle, tó ń kọ́ni pé àdúrà nìkan tó fún ìwòsàn. Lẹ́tà àti ìwé ìròyìn nìkan ló so wọ́n pọ̀. Kò sí míṣọ́nnárì tó wá. David Odùbánjọ ní Èkó àti Isaac Babalọlá Akínyẹlé ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó di ẹgbẹ́ náà mú. Ká tó wọ 1930, okùn tó so wọ́n mọ́ Amẹ́ríkà ti já. Ẹgbẹ́ kéékèèké tó fọ́n ká ni wọ́n, ọjà kòkó àti epo pupa sì ń wó lulẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Ẹni tó bá wò wọ́n nígbà náà lè sọ pé iná ọ̀hún tún ti fẹ́ kú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ kan ló wá gbé e ró. Ọdún 1904 ni wọ́n bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òdò-Ọwá, sínú ilé Áńgílíkà. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló ń wà fún ìjọba. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkejì-Arákejì, lójú ọ̀nà tó lọ láti Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà kú. Ó ní òun gbọ́ ohùn tó pe òun lórúkọ, tó ní kí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí òun lọ wàásù. Ó fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ ìjọba tí gbogbo ayé ń wá ni ó jù nù, ó padà sí ìlú rẹ̀, ó ń kéde fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n ronú pìwà dà. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Èkó, wọ́n sì tún un rì bọ omi ní ọ̀sà ní ìparí ọdún 1929.

Ní oṣù Keje ọdún 1930, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà pàdé ní Iléṣà láti yanjú èdèkòyédè tó wà láàárín wọn lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Babalọlá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé náà ni ìsọjí bẹ̀rẹ̀ ní Òkè Ooye. Àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ́rìí pé ọmọ kan tó ti kú jí dìde, ìròyìn náà sì fò kọjá ààlà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ènìyàn gbé ìkòkò omi wá kí ó gbàdúrà sí i. Wọ́n kó oògùn àti ère jáde, wọ́n dáná sun ún. Àwọn tó ti ń fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ibùsùn lẹ́yìn ìrìbọmi wà lára àwọn tó ń kó o jáde lójú gbogbo ayé. Láti Iléṣà, ìsọjí náà dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti àwọn ìlú Èkìtì mìíràn.

Kò yẹ kí a ka ìtàn yìí bí ẹni pé kò ní àbùkù. Ní 1932, wọ́n sọ Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ẹ̀rù òru tí àwọn míṣọ́nnárì kò fẹ́ gbọ́ sétí, àwọn aládùúrà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá àjẹ́ kiri lè fi ọwọ́ kan arúgbó tí kò ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ oògùn. Ìgbàgbọ́ tó ní kí ìyá má ṣe fún ọmọ tí ibà ń ṣe ní oògùn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Nígbà tí àwọn òyìnbó Apostolic Church dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1931 láti bá wọn ṣiṣẹ́, inú àwọn aládùúrà dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé àwọn àlejò náà ń lo kuníìnì nítorí ibà. Ọ̀rọ̀ náà le títí wọ́n fi pínyà láàárín 1939 sí 1941, wọ́n sì fi orúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Akínyẹlé di ààrẹ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964. Babalọlá ní tirẹ̀ kú ní Ẹdẹ lọ́dún 1959.

Ọdún méjìlá ló wà láàárín àlá Ìjẹ̀bú-Òde àti èrò Òkè Ooye. Ẹni tó bá fẹ́ ìsọjí lónìí sábà máa ń wo ọjọ́ tí èrò pé, kì í wo ọdún méjìlá tí àwọn ènìyàn díẹ̀ fi ń kúnlẹ̀ nínú iyàrá. Àgbà ìjọ, olùkọ́, akọ̀wé àti awakọ̀ ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe àlùfáà. Ohun kan náà ló sì mú gbogbo wọn dìde: wọ́n gbà pé àwọn fúnra wọn ló ti fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá rò pé aládùúgbò òun nìkan ló ti tutù kò ní wá iná.

Ohun tó yẹ kí ó ká àwọn ìjọ tó jáde láti inú ìsọjí náà lára nìyí. Àwọn pẹ̀lú ti di ìjọ àgbà báyìí. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní ipò, wọ́n sì ní ìjókòó tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ní Ìkejì-Arákejì tí ẹ̀rọ ti kú lọ́dún 1928, yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Babalọlá sọ ló dúró síbẹ̀ báyìí, àwọn ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbàdúrà níbi tí ó ti gbọ́ ohùn. Àwọn kan nínú wọn ní ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi nílé, wọ́n sì ní ohun mìíràn tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Iná tí bàbá dá ni wọ́n wá yá. Àmọ́ àwọn tó lọ sí Òkè Ooye ní 1930 kò yá iná ẹnikẹ́ni; wọ́n kó ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn jáde ná.