Bóòtù alágídí lábẹ́ ọkọ̀

Bóòtù alágídí ni bóòtù tàbí nọ́ọ̀tì tó há mọ́ ibi tí wọ́n dè é sí, tí sípánà àti agbára apá kò lè tú u mọ́. Abẹ́ ọkọ̀ ló ti wọ́pọ̀, níbi tí agbára ẹ́ńjìnnì ti ń gba kílọ́ọ̀ṣì àti gíábọ́ọ̀sì kọjá sí ṣáàfù títí dé táyà. Omi, yanrìn àti ẹrẹ̀ ń ta bá ibẹ̀ lójoojúmọ́, a sì máa ń de bóòtù ibẹ̀ le dan-in, nítorí ohun tó ń yí ló dì mú. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gba Kútọnu àti Èkó wọlé ti rìn lórí títì tí wọ́n ń da iyọ̀ sí nígbà òtútù ní Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà. Iyọ̀ ti jẹ abẹ́ wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí, alágídí, máa ń ṣini lọ́nà. Ẹni tó bá gbà pé agídí ni yóò fẹ́ fi agbára borí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìfarara ló dè é mọ́lẹ̀, ìyẹn bí ojú irin kan ṣe ń ra mọ́ èkejì.

Bí a bá pín agbára tí a fi de bóòtù sí mẹ́wàá, nǹkan bí márùn-ún ló ń bá ìfarara abẹ́ orí rẹ̀ lọ, nǹkan bí mẹ́rin ń bá ti tírẹ́ẹ̀dì lọ. Ẹyọ kan péré ló kù láti na bóòtù kí ó lè di irin méjì mọ́ra. Ìpẹtà ló ń bù kún ìfarara yìí. Irin tó dípẹtà ń gba ààyè tó lé ní ìlọ́po méjì èyí tó gbà tẹ́lẹ̀, nígbà tí kò sì sí ààyè nínú tírẹ́ẹ̀dì, yóò há bí èèkàn igi tó mu omi. Bí ilé gíábọ́ọ̀sì bá jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, omi iyọ̀ á sọ òun àti bóòtù irin di bátìrì kékeré; alumíníọ́ọ̀mù á máa jẹ, ẹbu funfun rẹ̀ á sì dí tírẹ́ẹ̀dì. Nígbà mìíràn, gúlúù tí ilé iṣẹ́ fi sí i ló dè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Vernon Krieble ló ṣe irú gúlúù yìí ní Hartford, Amẹ́ríkà, ní 1953. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé ló ti ń gan.

Nítorí náà, ọgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tó ń dín ìfarara kù. Òòlù ni à ń kọ́kọ́ fi kan orí bóòtù kí ìpẹtà lè là, kí a tó ta epo sí i, kí ó sì sùn mọ́jú. Epo kì í jẹ ìpẹtà. Ojú tí òòlù là ló ń bá wọlé. WD-40 tí gbogbo ayé mọ̀, lílé omi kúrò lára irin ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é ní San Diego ní 1953 kan náà, nítorí náà epo tí wọ́n dìídì ṣe fún bóòtù tó há sàn jù ú lọ. Iná ló kàn. Nọ́ọ̀tì là ń fi iná sí, kì í ṣe bóòtù, kí ihò rẹ̀ lè fẹ̀. Ní nǹkan bí 250°C, gúlúù tó le jù náà á rọ̀. Bí ó bá yí díẹ̀, a ó dá a padà, a ó ta epo, a ó tún yí i. Tó bá ń han gooro tí ẹbu pupa ń yọ lẹ́nu tírẹ́ẹ̀dì, ẹni tó bá fi tipátipá yí i lọ síwájú ni yóò ṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ìbọn afẹ́fẹ́ àwọn mẹkáníìkì ń tú bóòtù ní ìṣẹ́jú kan láìsí epo, láìsí iná. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lílù ló ń lù ú léraléra, ìlù kọ̀ọ̀kan sì ń já ìfarara díẹ̀. Irin gígùn tí a ki bọ ìdí sípánà ni agbára lásán: ọrùn bóòtù ló ń lọ́, bí sọ́kẹ̀ẹ̀tì bá sì jẹ́ onígun méjìlá dípò mẹ́fà, á bó orí rẹ̀. Àtakò tó lágbára jù ni pé iná ń ba irin jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni: bóòtù tí wọ́n kọ 10.9 sí lórí á pàdánù líle rẹ̀ bí ó bá pọ́n bí ẹyin iná, rọ́bà ìbòrí ṣáàfù á yọ́, iná kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ táǹkì epo rárá. Ṣùgbọ́n a kì í dá bóòtù tó jẹ iná padà. Ọ̀tun là ń rà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti gíábọ́ọ̀sì tó là. Kódà bí orí bá já, nọ́ọ̀tì tí wẹ́dà jó mọ́ ìyókù á di orí tuntun, ooru jíjó náà á sì bá wa tú u.

Ìṣirò ìdá mẹ́wàá yẹn kan náà ló ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń dá bóòtù padà. Ó dára kí a fọ tírẹ́ẹ̀dì, kí a sì fi gíríìsì pa á nítorí ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n gíríìsì ti bù nínú mẹ́sàn-án tí ìfarara ń gbà. Bí a bá tún fi agbára tí ìwé ọkọ̀ kọ fún bóòtù gbígbẹ dè é, èyí tí ìfarara kò gbà mọ́ á bọ́ sórí bóòtù, á sì nà kọjá ààlà. Ibi tí gúlúù wà tẹ́lẹ̀, gúlúù ni kó padà síbẹ̀, nítorí ṣáàfù tó ń gbọ̀n ń tú ohun tó bá yọ̀. Ìfarara tí à ń bá jà lónìí ló ń so ṣáàfù ró lójú títì. Bóòtù tí kò lágídí rárá lábẹ́ ọkọ̀, òun gan-an ló yẹ kó bani lẹ́rù.