Ìtàn Bí Ọmọ Ènìyàn Ṣe Mọ Ìwọ̀n Omi Tó Ń Gba Inú Páìpù Kọjá

Omi kò ní ọ̀tá, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Síbẹ̀, ìjà lórí bí a ṣe ń pín omi kò lóǹkà láti ìgbà láéláé. Kí ìpín omi tó lè tọ́, òṣùwọ̀n rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ tọ́. Omi tó wà nínú ìkòkò kò ṣòro wọ̀n: igbá lásán tó o. Omi tó ń ṣàn nínú páìpù ni kì í dúró de ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n.

Ní ọdún 97 lẹ́yìn ìbí Kristi, Nerva, ọba Róòmù, fi Frontinus ṣe alábòójútó omi ìlú náà. Ọ̀nà omi mẹ́sàn-án ni ó ń gbé omi wọ ìlú nígbà náà. Ẹnu páìpù ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tó tọ́ sí oníkálukú. Quinaria ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n wọn, ìyẹn páìpù tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ ìka kan àti ìdámẹ́rin ìka. Idẹ ni wọ́n fi ń rọ ẹnu páìpù bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i fẹ̀. Wọ́n sì ń lu òǹtẹ̀ sí i lára.

Nígbà tí Frontinus yẹ ìwé wò, ẹnu yà á. Ìwé fi hàn pé quinaria 12,755 ni ó wọlé, ṣùgbọ́n 14,018 ni wọ́n pín jáde. Báwo ni èyí tó jáde ṣe lè ju èyí tó wọlé lọ? Ó lọ wọn omi náà láti orísun, ó sì rí i pé ó fi nǹkan bí quinaria 10,000 ju ti inú ìwé lọ. Ó di ẹ̀bi ru àwọn òṣìṣẹ́ omi pé wọ́n ń jí omi tà. Olè wà níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí ó bá àwọn páìpù ìkọ̀kọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ àti ẹnu páìpù tí kò lóǹtẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò pé. Àyè ẹnu páìpù nìkan ni ó kà, kò ka eré tí omi ń sá. Òun pàápàá kíyè sí i pé omi tó ń sáré máa ń pọ̀ ju èyí tó ń wọ́ lọ, àmọ́ kò rí ọ̀nà tí yóò fi fi iye lé e. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí apá kan nínú ohun tí ó pè ní olè jẹ́ àléébù òṣùwọ̀n lásán.

Hero ará Alẹkisáńdíríà ti rí ojútùú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀rúndún kìíní kan náà. Ó ní kí a gbẹ́ kòtò sídìí ìsun, kí a fi òjìji oòrùn ka wákàtí kan, kí a sì wọn omi tó bá kún inú kòtò náà. Ní ọdún 1628, Benedetto Castelli, àlùfáà tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Galileo, tẹ ìwé tó là á yé ayé pé àyè ẹnu àti eré omi ni a ní láti sọ di púpọ̀ papọ̀.

Bí àyè ẹnu páìpù bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun-mẹ́rin 10, tí omi sì ń sá ní sẹ̀ǹtímítà 200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, lítà 2 ni yóò jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá náà, ìyẹn lítà 120 ní ìṣẹ́jú kan. Bí eré bá dín kù sí ìdajì, lítà 60 péré ni, bí ẹnu páìpù kò tilẹ̀ yí padà.

Ó ku ohun tó ń dín eré omi kù. Hagen, ará Jámánì, ní ọdún 1839, àti Poiseuille, dókítà ará Faransé tó ń wádìí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú iṣan, rí i pé bí ìbú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ bá di ìlọ́po méjì, tí agbára tó ń ti omi kò sì yí padà, omi yóò di ìlọ́po 16. Ní ọdún 1883, Osborne Reynolds da aró sínú omi tó ń gba inú gíláàsì kọjá ní Manchester. Ó fi hàn pé òfin yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tí omi bá ń rú gùdù.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò ju ẹ̀rọ omi, garawa àti aago lọ. Bí garawa onílítà 20 bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 40, ìdajì lítà ni ó ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní Frontinus ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ì bá mọ iye tí olè jí gan-an kí ó tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.