Ta Ni Orúkọ Rẹ̀ Wọ Ìwé? Ilé-Ìwé Kékeré Tí Àwọn Obìnrin Ìbàdàn Dá Sílẹ̀

Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Mápó dé Bẹyẹrúnká, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn agbo-ilé Ìbàdàn àtijọ́. Ọjà'ba gan-an ni Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ wà. Ṣùgbọ́n nígbà ayé àwọn òyìnbó, ọwọ́ ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ìwé girama ìlú náà wà, bẹ̀rẹ̀ láti orí Ibadan Grammar School tí Alexander Babátúndé Akínyẹlé dá sílẹ̀ ní 1913. Oore tí wọ́n ṣe kò kéré. Síbẹ̀, àwọn tí orúkọ wọn wọ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kò jọ àwọn tó ń gbé àárín ìlú.

Ìyà náà pọ̀ lára ọmọbìnrin. Ní 1944, Wúràọlá Ẹ̀san, tó padà di Ìyálóde Ìbàdàn, dá ilé-ìwé girama tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní Mólété. Ìyẹn wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ẹ̀sìn ṣì wà nílẹ̀.

Ẹni tí ọ̀ràn yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n ni Àlàájà Humuani Alága, gbajúmọ̀ oníṣòwò aṣọ ní Gbági àti aṣáájú àwọn obìnrin aláṣọ. Ilé-ìwé Kìrìsìtẹ́nì kan kọ̀ láti gba ọmọbìnrin rẹ̀ nítorí pé Mùsùlùmí ni. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe owó ni ìyá ọmọ náà kò ní. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ olówó, kí ni ká sọ nípa ọmọ alágbàtà?

Ní 1958, òun àti àwọn obìnrin Mùsùlùmí mọ́kànlá dá Ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀. Àsìkò náà ṣe kókó. Ní oṣù kìíní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye akẹ́kọ̀ọ́ fò láti nǹkan bí 456,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 lọ́dún kan. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń parí ìwé mẹ́fà ní 1960, girama kò sì sí lọ́fẹ̀ẹ́. Bí owó bá ti wọ́n nílé, ọkùnrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rán lọ. Nígbà tí Isabatudeen Girls' Grammar School ṣílẹ̀kùn ní 1964, àwọn ọmọbìnrin tó ti ka ìwé mẹ́fà tán ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ń dúró.

Ẹ̀kọ́ girama ọ̀fẹ́ kò dé títí di ìgbà ìjọba Bọ́lá Ìgè, ní 1979. Láti ìgbà náà, iye àwọn ilé-ìwé àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pọ̀ dé ibi pé ìtàn àwọn ilé-ìwé kéékèèké yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sáàárín wọn.

Ọmọ ọdún méjìlá ní 1964 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Ó yẹ kí ẹnìkan lọ bi wọ́n léèrè, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: agbo-ilé wo lẹ ti wá, kí ni ìyá yín ń tà, ta ló san owó ilé-ìwé yín?