Ọ̀nà Àrìnjò Kẹ̀kẹ́ ní Ìgbèríko Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀nà àrìnjò kẹ̀kẹ́ ni àwọn ipa ọ̀nà tí wọ́n fi pátákó sàmì sí, kí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere lè la oko, abúlé àti orí òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá fún ọjọ́ mélòó kan, láì sí pé mọ́tò ń fọn fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn. Kò sí eré ìje níbẹ̀. Arìnrìn-àjò á di aṣọ, oúnjẹ àti irinṣẹ́ sínú báàgì méjì tó so kọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, á máa wà á bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, á sì sùn síbi tó ti gba yàrá tàbí tó pa àgọ́ sí. Díẹ̀ ni ọ̀nà tuntun nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Àlòkù ló pọ̀ jù: ojú irin tí rélùwéè ti kọ̀ sílẹ̀, ọ̀nà tí àwọn darandaran ń da màlúù gbà lọ sọ́jà nígbà kan, ọ̀nà àwọn awakùsà, àti títì oko tóóró tí mọ́tò méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀ kí ọ̀kan má fi ẹ̀yìn rìn.

Ìlú Harrogate ni wọ́n ti dá Bicycle Touring Club sílẹ̀ lọ́dún 1878. Ó di Cyclists' Touring Club ní 1883, Cycling UK ló sì ń jẹ́ láti 2016. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí táyà iwájú rẹ̀ ga tó èèyàn ló lòde, títì sì jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti kòtò. Ẹgbẹ́ náà ń ri pátákó ìkìlọ̀ mọ́ orí òkè tó léwu, ó sì ń bá àwọn onílé èrò dá iye tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò san fún oúnjẹ àti ibùsùn. Ilé tó bá gbà á gbé àmì kan kọ́ ara ògiri: táyà tó hu ìyẹ́. Nígbà tó di 1899, ọmọ ẹgbẹ́ ti lé ní 60,000. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ yìí kan náà ló dá Roads Improvement Association sílẹ̀ ní 1886, tí wọ́n ń yọ ìjọba lẹ́nu pé kó tún títì ṣe. Mọ́tò kò tíì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá lọ́dún náà. Ìgbà tó dé, ó bá títì tó dán nílẹ̀, ó sì lé àwọn tó bẹ̀bẹ̀ fún un wọ ẹ̀gbẹ́ kòtò.

Kì í ṣe títì nìkan ni wọ́n jà fún. Ní oṣù October 1898, Lady Harberton, tó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé síkẹ́ẹ̀tì gbọọrọ kò bá kẹ̀kẹ́ mu, yà sí Hautboy Hotel ní abúlé Ockham, ní Surrey, láti jẹun ọ̀sán. Ṣòkòtò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó fún mọ́ orúnkún, bíi kẹ̀ǹbẹ̀ tiwa, ló wọ̀. Obìnrin tó ni ilé náà ní kò lè fi aṣọ yẹn wọ yàrá tí àwọn ọlọ́lá ti ń jẹun. Bó bá fẹ́, kó lọ jókòó ní yàrá ọlọ́tí. Cyclists' Touring Club gba ẹjọ́ rẹ̀ rò ní kóòtù lọ́dún 1899, ẹgbẹ́ náà sì jẹ̀bi, nítorí àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ ní onílé èrò náà kò ṣáà lé e síta, ó fún un ní ibòmíràn láti jẹun. Àbùkù gidi ni ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gùn lónìí bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí rélùwéè ti kógbá wọlé. Ní 1963, Richard Beeching gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n ti nǹkan bí máìlì 5,000 ojú irin pa, pẹ̀lú ibùdókọ̀ tó lé ní 2,300, nítorí pé wọn kò pa owó wọlé. Wọ́n hú irin kúrò, igbó sì bo ibẹ̀. Ohun tí igbó náà bò kì í ṣe kèrémí, ilẹ̀ tó tẹ́ ni. Ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè tó dúró ṣánṣán, nítorí náà àwọn tó kọ́kọ́ là á ti gé òkè, wọ́n ti dí àfonífojì, wọ́n sì ti mọ afárá. Ní Bristol, àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan kó ara wọn jọ ní 1977. Láti 1979 ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń fi ṣọ́bìrì tẹ́ òkúta sórí ojú irin àtijọ́ tó lọ sí Bath. Máìlì 13 ni, 1986 ló sì parí. Ẹgbẹ́ náà ló di Sustrans. Ní 1995, owó tẹ́tẹ́ lọ́tìrì tó lé ní mílíọ̀nù 40 pọ́n-ùn bọ́ sí wọn lọ́wọ́ láti so irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pọ̀ jákèjádò Ìlú Ọba. Òun ni National Cycle Network, tí pátákó rẹ̀ jẹ́ búlúù, tí nọ́ńbà ọ̀nà sì wà nínú àpótí pupa. Ní ọdún 2020, Sustrans fúnra rẹ̀ yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀nà náà kúrò tàbí ó yí orúkọ rẹ̀ padà, nítorí pé mọ́tò ti pọ̀ jù níbẹ̀. Lójú tèmi, ìwà akin nìyẹn. Ó rọrùn láti máa ka máìlì fún ẹni tó ń fúnni lówó.

Ọ̀nà kan ò wọjà, ní ti irú èyí. Camel Trail ní Cornwall, láti Padstow gba Wadebridge lọ sí Bodmin àti síwájú, tẹ́ pẹrẹsẹ fún máìlì 18. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ojú irin tí wọ́n là ní 1834 láti fi gbé iyanrìn òkun lọ fún àwọn àgbẹ̀ tí ń fi í ṣe ajílẹ̀. Way of the Roses, tí wọ́n ṣí ní 2010, gba Morecambe lọ sí Bridlington fún máìlì 170. Hadrian's Cycleway ń bá odi tí àwọn ará Róòmù mọ rìn. King Alfred's Way, tó jáde ní 2020, yí po láti Winchester padà sí Winchester, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Stonehenge. Ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ onítáyà nínípọn ló yẹ ẹ́. Ní Devon, ọ̀nà oko ti rì sáàárín ebè gíga tí igi àti ewéko hù lé, débi pé ohùn àgùntàn ni wàá gbọ́, o kò ní rí i.

Máàpù Ordnance Survey ṣì wúlò fún ẹni tí fóònù bá kú mọ́ lọ́wọ́. Ọfà kan lórí títì túmọ̀ sí òkè tó ga láàárín 1 nínú 7 àti 1 nínú 5. Ọfà méjì, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kóo yáa sọ̀ kalẹ̀. Òfin ọdún 1968 gba oníkẹ̀kẹ́ láyè láti gba ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, bó bá ti lè yà fún ẹṣin àti ẹlẹ́sẹ̀; ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ní ti kẹ̀kẹ́, jíà tó rọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn bàbá wa tó gun Raleigh lọ sóko rí orúkọ Nottingham lára rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n irú kẹ̀kẹ́ wúwo yẹn kọ́ ni èèyàn ń gbé lọ sí C2C, ọ̀nà tó lọ láti òkun dé òkun.

Nínú gbogbo àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, C2C ló lókìkí jù. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣí i, ó gùn tó máìlì 140, láti Whitehaven tàbí Workington létí Òkun Ireland dé Tynemouth tàbí Sunderland létí Òkun Àríwá. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló tẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn. Ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fi agídí bẹ̀rẹ̀ láti Sunderland á ròyìn. Àṣà wọn ni láti ti táyà ẹ̀yìn bọ òkun kí wọ́n tó gbéra.

Láàárín Keswick àti Threlkeld, ojú irin tí wọ́n tì ní 1972 ń kọjá lórí odò Greta lọ́pọ̀ ìgbà. Ìjì Desmond gbé afárá lọ níbẹ̀ ní December 2015, ó di December 2020 kí wọ́n tó ṣí i padà. Lẹ́yìn Penrith ni Hartside, tó ga tó mítà 580. Ilé oúnjẹ orí rẹ̀ jóná ní 2018, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀ tí kò ní dúró mí. Alston ló kàn, ìlú ọjà tí títì rẹ̀ dagẹ̀rẹ́, tí wọ́n fi òkúta róbótó tẹ́. Bí òjò bá rọ̀, òkúta náà á máa dán bí ẹni fi epo pa á. Wọ́n á sọ̀, wọ́n á máa fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́, bàtà á sì máa yọ̀ pẹ̀lú.

Ilẹ̀ òjé nìyẹn. Lókè Nenthead, ọ̀nà náà dé mítà 609, ibi tó ga jù lọ nínú gbogbo National Cycle Network. Nítòsí Rookhope, ẹnu ọ̀nà òkúta kan dá dúró lẹ́bàá títì bí ilẹ̀kùn ààfin tí kò ní ààfin. Ìyókù ihò èéfín ni: èéfín òjé ń pa èèyàn, nítorí náà wọ́n mọ ihò gígùn lórí ilẹ̀ láti darí rẹ̀ lọ sórí òkè níbi tí kò sí ilé. Òjé a máa lẹ̀ mọ́ inú ihò náà, wọn a sì rán àwọn òṣìṣẹ́ wọlé láti ha á jáde fún títà. Láti Stanhope, òkè kan tó burú kù kí èèyàn tó dé ojú irin àtijọ́ tó lọ sí Consett, ìlú tí iléeṣẹ́ irin rẹ̀ kógbá sílé ní 1980. Nítòsí ibẹ̀, Tony Cragg gbé ère irin méjì kalẹ̀, Terris Novalis: irinṣẹ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ni, ó tóbi ju ojúlówó lọ ní ìlọ́po 20.

Láti ibẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ló pọ̀ jù títí dé òkun. Wọ́n á ti táyà iwájú bọ omi, wọ́n á ya fọ́tò, lẹ́yìn náà wọ́n á wá ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé wọn padà. Kẹ̀kẹ́ díẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà jíjìn ń gbà, èèyàn sì gbọ́dọ̀ ti gba àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á jókòó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Newcastle, á máa wo ọkọ̀ bí wọ́n ti ń lọ.