Ìgbáròkó Tó Ṣẹ́: Láti Orí Ibùsùn Dé Orí Aṣọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀kan nínú yín bi mí pé kí ni Yorùbá ń pe eegun tó so ẹ̀yìn mọ́ itan. Mo ní ìgbáròkó ni. Àwọn dókítà ń pè é ní pelvis, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí abọ́. Bí mo ṣe ń dáhùn ni mo rántí ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́dún 1978, dánfó kan fún un mọ́ ògiri ní Ojúwòyè, ní Mushin. Àwọn èèyàn fà á lápá fà á lẹ́sẹ̀, wọ́n jù ú sínú takisí. Àwa mẹ́rin la fún un lẹ́jẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Wọ́n gbé ìdí rẹ̀ kọ́ sínú aṣọ líle lórí ibùsùn, wọ́n so ìwúwo mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì sùn bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ó dìde o, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan kúrú, ó sì ń tiro títí ó fi kú. Ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ nígbà yẹn nìyẹn.

Ìgbáròkó rí bí ẹ̀gbà ọwọ́: bó bá ṣẹ́ níbì kan, ó sábà máa ń ṣẹ́ níbòmíràn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú kó pa èèyàn láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan bọ́ sílẹ̀.

Ní Yaba, ibi tí à ń gbé irú wọn lọ ni Igbóbì. Nítorí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ó di ilé ìwòsàn lọ́dún 1945. Orúkọ ìjọba rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n Igbóbì lará Èkó mọ̀. "Ṣé Igbóbì lo fẹ́ lọ sùn ni?" là ń sọ fún ọlọ́kadà tó ń sáré àsápajúdé. Orúkọ ibi ti di orúkọ ewu. Ní oṣù Kẹfà 2022, ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Surulere àti Lagos Mainland wà nínú wọn.

Lókè òkun, Judet àti Letournel ní Paris tẹ iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 1964 lórí bí a ṣe lè la ara kí a to ihò tí orí eegun itan ń wọ̀. Lẹ́yìn náà ni irin tí à ń gún wọ eegun láti ìta gbòde. Láàárín 1980 sí 1990, Marvin Tile ní Toronto kọ́ wọn láti ya èyí tó dúró ṣinṣin sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń yẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdè irin tí wọ́n ń gba ojú ọgbẹ́ kékeré fi sí i dé, ẹ̀rọ àwòrán ló ń tọ́ wọn sọ́nà.

Ìmọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Àmọ́ àpò ẹbí ló sábà máa ń san owó irin, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun nílé. Ọwọ́ wọn lè dán lórí apá. Ìgbáròkó kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ ra.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti aṣọ. Lọ́dún 2002, àwọn oníṣẹ́-abẹ Amẹ́ríkà kọ̀wé pé aṣọ ibùsùn lásán, tí a bá fi di ìdí pinpin, lè dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kù. Kì í ṣe ìbàdí la ó dì í mọ́ o, bí ìgbà tí obìnrin ń ró ìró. Ó gbọ́dọ̀ relẹ̀, dé ibi tí orí eegun itan ti yọ sí ẹ̀gbẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì fà á lẹ́sẹ̀.

Aṣọ kì í to eegun. Ṣùgbọ́n ìró kún ọjà Ojúwòyè lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́nì kankan nínú wa tó mọ̀ pé ó wúlò.